Ènìyàn Ni Wáyà Yí Ká: Bí A Ṣe Ń Ṣe Sàfárì ní Igbó Kruger

Bí a bá dárúkọ kìnnìún, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ń sáré lọ ni ọgbà ẹranko tí àwọn olùkọ́ kó wa lọ nígbà tí a wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹranko wà nínú àgò onírin, àwa dúró síta, a ń nàka sí i. Ẹni tó bá fi ojú yẹn wo sàfárì yóò rò pé ọgbà ẹranko tó kàn fẹ̀ díẹ̀ ni. Àwọn mìíràn gbà pé ọdẹ ṣíṣe ni, pé àwọn òyìnbó olówó ló ń gbé ìbọn wá sí Áfíríkà láti pa erin. Àwọn kan sì wà tí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí: ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra ikú lọ́wọ́ kìnnìún?

Èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kù díẹ̀ káàtó. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ ká mú igbó kan ṣoṣo, Kruger National Park ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ká sì tọ ipasẹ̀ àlejò láti ìgbà tó ti ń di ẹrù títí di ìgbà tó fi sùn mọ́jú nínú igbó. Ohun tí a ó rí ni pé ní Kruger, ẹranko ló ń rìn bó ṣe wù ú. Ènìyàn ni wọ́n fi wáyà yí ká, ènìyàn ni wọ́n ń ti géètì mọ́ lálaalẹ́, ènìyàn náà sì ni òfin ibẹ̀ ń bá wí. Ẹni tó bá ti mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí sàfárì jẹ́.

Kí ni sàfárì, kí sì ni igbó orílẹ̀-èdè?

Ìrìn-àjò ni àwọn elédè Swahili ń pè ní sàfárì. Láyé àwọn amúnisìn, àwọn òyìnbó tó ń wá dọdẹ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà gba orúkọ náà fún ìrìn-àjò ọdẹ wọn, ibẹ̀ sì ni èrò pé ìbọn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ti wá. Lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sàfárì ni kí ènìyàn lọ wo ẹranko níbi tí ẹranko ń gbé, kó wò ó tẹ́rùn, kó sì padà láìmú nǹkan kan níbẹ̀ àfi àwòrán. Àlejò Kruger kò gbọ́dọ̀ dọdẹ rárá. Òótọ́ ni pé àwọn oko ọdẹ aládàáni wà níbòmíràn ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ènìyàn ti lè sanwó kó sì pa ẹran. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀, òfin tiwọn sì yàtọ̀.

Igbó orílẹ̀-èdè, tí òyìnbó ń pè ní national park, jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba fi òfin yà sọ́tọ̀ kí ẹranko, igi àti odò tó wà níbẹ̀ má baà parun, kí ará ìlú sì lè ráyè wá wò wọ́n. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọgbà ẹranko ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nínú ọgbà ẹranko, ènìyàn ló ń bọ́ kìnnìún. Ní Kruger, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ. Ó di dandan kó pa ìmpálà (irú ẹtu kan), sẹ́bírà tàbí ẹfọ̀n kó tó jẹun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹran sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ á fi ebi sùn. Bí ẹfọ̀n bá darúgbó tó sì ṣubú, ìkookò àti igún ni yóò sin ín.

Ilẹ̀ náà sì tóbi. Ó tó nǹkan bí 19,500 kìlómítà níbùú lóòró, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó lódindi kò ju 3,577 lọ. Èyí ni pé Èkó márùn-ún yóò gbà sínú Kruger, àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Láti odò Crocodile ní gúúsù títí dé odò Limpopo ní àríwá, ó gùn tó 360 kìlómítà. Mozambique ni ó bá pààlà ní ìlà-oòrùn, Zimbabwe sì ni ní àríwá. Oríṣi ẹranko afọ́mọlọ́mú tó wà níbẹ̀ súnmọ́ 150, oríṣi ẹyẹ sì lé ní 500. Ẹranko tó ní irú àyè báyìí kò ní ìdí láti dúró dè wá lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rìn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kó má rí kìnnìún kan, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á sì bá mẹ́fà tí wọ́n nà sójú títì.

Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀

Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi ń parí lọ, ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran run ní agbègbè náà. Eyín erin, ìwo, awọ àti ẹran jíjẹ ni àwọn ọdẹ ń wá, wọ́n sì pa á débi pé àgbáǹréré funfun kò kù síbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1898, ìjọba Paul Kruger, tó jẹ́ ààrẹ Transvaal, ilẹ̀ tí agbègbè náà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ya ilẹ̀ tó wà láàárín odò Sabie àti odò Crocodile sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dọdẹ mọ́. Ogun àwọn Bóà àti Gẹ̀ẹ́sì dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lọ́dún 1902, wọ́n fi James Stevenson-Hamilton, ọ̀gágun kan láti Scotland, ṣe olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, ó sì wà lórí iṣẹ́ náà títí di 1946.

Lọ́dún 1926, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin tó so ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ igbó Shingwedzi tó wà ní àríwá, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Kruger National Park. Ọdún kejì, 1927, ni ọkọ̀ àwọn àlejò àkọ́kọ́ wọlé, ọkọ̀ mẹ́ta péré. Àgbáǹréré funfun náà padà wá: láti 1961 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá láti ìpínlẹ̀ Natal, níbi tí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sí. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àgbáǹréré funfun ní Kruger lónìí, ọmọ àwọn tí ènìyàn fi ọkọ̀ akẹ́rù kó padà wá ni ó ń wò.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀

Ìwé ìpolówó máa ń fẹ́ ká gbà pé ẹranko nìkan ló ń gbé irú ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítòsí géètì Phalaborwa ni òkè Masorini wà, níbi tí àwọn ará Phalaborwa ti ń yọ́ irin tí wọ́n sì ń tà á. Ní àríwá pátápátá, nítòsí Pafuri, ni ahoro Thulamela wà, ìlú ọba kan tí wọ́n fi òkúta mọ ògiri rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà níbẹ̀, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àwo tó fi hàn pé àwọn ará ìlú náà ń bá etíkun ìlà-oòrùn ṣòwò. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa, nítorí pé inú igbó orílẹ̀-èdè ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé tiwa náà wà títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ni wọ́n ń lé àwọn onílẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Tsonga fún Stevenson-Hamilton ni Skukuza, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó gbá ilẹ̀ mọ́: ó gbá àwọn ọdẹ kúrò, ó sì gbá àwọn abúlé kúrò pẹ̀lú. Orúkọ náà ni àgọ́ tó tóbi jù ní Kruger ń jẹ́ dòní. Lọ́dún 1969, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé àwọn ará Makuleke kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn láàárín odò Luvuvhu àti Limpopo, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà kún Kruger. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, àwọn ará Makuleke gbé ẹjọ́ ilẹ̀ dìde, ilẹ̀ náà sì padà di tiwọn lọ́dún 1998. Wọn ò padà lọ kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n bá àjọ tó ń ṣàkóso igbó náà ṣe àdéhùn pé kí ó máa jẹ́ ibùgbé ẹranko lọ, kí owó ilé àlejò tó wà níbẹ̀ sì máa wọlé fún àwùjọ wọn. Ó yẹ kí àlejò mọ ìtàn yìí kó tó wọlé, nítorí pé ẹranko tó ń wò ń gbé lórí ilẹ̀ tí àwọn kan sunkún kí wọ́n tó fi sílẹ̀.

Kí a tó gbéra

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti yàn ni àsìkò. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn kò bá tiwa mu. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ nílé wa, ilẹ̀ Kruger gbẹ táútáú. Igi ti wọ́wé, koríko ti lọlẹ̀, àwọn kòtò omi kéékèèké inú igbó sì ti gbẹ, nítorí náà ẹranko á máa wá sí ìwọ̀nba odò àti adágún tó kù. Èyí ló mú kí ẹ̀ẹ̀rùn rọrùn fún ẹni tó fẹ́ rí ẹran púpọ̀. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni òjò tiwọn ń rọ̀. Igbó á dí, ooru á mú, ẹran á fara pamọ́. Síbẹ̀ ìgbà náà ni àwọn ìmpálà ń bímọ, tí àwọn ẹyẹ aṣíkiri sì ń dé láti òkè òkun.

Lẹ́yìn èyí ni ibùsùn. Àjọ SANParks ló ń ṣàkóso igbó náà, ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ti ń gba yàrá sílẹ̀. Ó yẹ kí a tètè gbà á, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, pàápàá bí ó bá bọ́ sí àsìkò tí àwọn iléèwé wọn gba ìsinmi. Yàtọ̀ sí owó yàrá, owó ìtọ́jú igbó wà tí olúkúlùkù ń san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lò. Iye tí ọmọ ilẹ̀ náà ń san kéré jù, ti àwọn ará orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká tẹ̀ lé e, àwọn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tí àwa ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ló ń san èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ènìyàn lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ Kruger. Kò pọn dandan kó jẹ́ jíìpù ńlá, nítorí pé títì ọlọ́dà ló so àwọn àgọ́ pàtàkì pọ̀, ọkọ̀ kékeré tí a háyà ní Johannesburg sì tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni láti ibẹ̀ dé àwọn géètì gúúsù. Kí ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Nàìjíríà rántí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá fẹ́ wa ọkọ̀ lè sanwó fún ọkọ̀ gbayawu tí amọ̀nà ń wà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ da méjèèjì pọ̀: ẹ bá amọ̀nà jáde lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo igbó, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dá lọ.

Ọmọ Nàìjíríà nílò físà, ó sì gbọ́dọ̀ ní káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà malaria wà ní Kruger pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ibà kì í ṣe àjèjì sí àwa, pé a ò nílò oògùn. Àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní London tàbí Houston ló tilẹ̀ ń sọ ọ́ jù, bẹ́ẹ̀ agbára tí ara ní láti bá ibà jà máa ń dín kù bí ènìyàn bá ti pẹ́ níbi tí ibà kò sí. Ẹ lọ bá dókítà kí ẹ tó gbéra. Ẹ mú aṣọ òtútù dání pẹ̀lú, nítorí pé òwúrọ̀ oṣù Kẹfà àti oṣù Keje máa ń tutù nini nínú ọkọ̀ gbayawu, àní bí ọ̀sán rẹ̀ tilẹ̀ móoru.

Lẹ́nu géètì: òfin àti ìdí òfin

Ní ẹnu géètì, wọn yóò yẹ ìwé wa wò, wọn yóò gbowó, wọn yóò sì bi wá bóyá a ní ìbọn. Àkókò ṣíṣí àti títì géètì ń yí padà láti oṣù dé oṣù, nítorí pé oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tì í. Ẹni tó bá pẹ́ síta yóò san owó ìtanràn. Eré tí a lè sá kò gbọ́dọ̀ ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí títì ọlọ́dà, àti 40 lórí ọ̀nà eléruku.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù ni pé a kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àfi níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé a lè sọ̀. Ìdí rẹ̀ ló yẹ kó yé wa dáadáa. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá ni àwọn ẹranko ibẹ̀ ti ń rí ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ kò lé wọn rí, kò sì fún wọn lóúnjẹ rí, wọ́n sì ti kà á sí nǹkan kan tó ń kọjá lọ. Kìnnìún tó wo ọkọ̀ tí ènìyàn márùn-ún wà nínú rẹ̀ kò rí ènìyàn márùn-ún. Nǹkan ńlá kan ṣoṣo ló rí, tí kò ní láárí sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yọ orí àti àyà síta láti inú fèrèsé, tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀, ìrísí ọkọ̀ náà ti yí padà. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ènìyàn ti yọ sójú ẹranko, ẹranko sì mọ ènìyàn: yálà kó sá, tàbí kó bá a jà. Nítorí náà, ohun tó ń dáàbò bo àlejò ju nínípọn irin ọkọ̀ lọ ni pé ẹranko kò ka ọkọ̀ kún.

Òfin kejì ni pé a kò gbọ́dọ̀ fún ẹranko lóúnjẹ, ìbáà ṣe ọ̀bọ tó jókòó ti àgọ́ tó ń wò wá lójú. Ọ̀bọ tàbí ìkookò tó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò yóò máa wá a kiri. Bó pẹ́ bó yá, yóò já àpò gbà lọ́wọ́ ọmọdé, tàbí kó gé ènìyàn jẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò sì ní rí ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n yìnbọn pa á. Ẹni tó ju búrẹ́dì kan sí i ló fa ikú rẹ̀.

Bí àlejò tó wọ agbo ilé onílé ni a ṣe wà nínú igbó yìí. Àlejò kì í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, kì í wọ yàrá tí wọn ò ní kó wọ̀, bí àgbà ilé bá sì ń kọjá, yóò yà fún un. Ẹni tó bá rántí èyí kò ní pẹ́ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àní níbi tí ìwé òfin kò dé.

Bí a ṣe ń wá ẹranko

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ṣàǹfààní jù fún ẹni tó ń wá ẹranko. Kìnnìún, ẹkùn àti ìkookò ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n sì máa ń wà lójú ọ̀nà títí oòrùn yóò fi mú. Láàárọ̀ kùtù, kí géètì àgọ́ ṣí bá wa lẹ́nu rẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹranko á ti wábi ìbòòji. Ní ọ̀sán gangan, ó sàn kí a jókòó létí omi ju kí a máa sáré kiri lọ. Adágún Sunset Dam tó wà nítòsí àgọ́ Lower Sabie jẹ́ irú ibẹ̀: erinmi ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ọ̀ọ̀nì ń yáàrùn, ẹran lóríṣiríṣi sì ń wá mumi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni eré sísá. Ẹni tó ń sáré kiri láti wá kìnnìún yóò kọjá lára rẹ̀. Ẹ rọra máa lọ, ẹ máa dúró, ẹ máa pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má wo ara igbó bí ẹni ń wo ògiri, inú rẹ̀ ni kí ẹ wò, láàárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Igi máa ń nàró, ẹ̀yìn ẹranko ló máa ń dábùú. Etí tó gbọ̀n, ìrù tó lé eṣinṣin, òjìji tó dúdú jù lábẹ́ igi: irú nǹkan báwọ̀nyí ni ojú ń kọ́kọ́ mú.

Àwọn ẹranko fúnra wọn sì máa ń sọ fún wa. Bí agbo ìmpálà bá dúró gbọingbọin, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, tí wọ́n sì ń fọn imú, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí ọ̀bọ bá ń pariwo lórí igi létí odò, ẹ wo ìsàlẹ̀ igi náà fún ẹkùn. Bí igún bá ń balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran ti kú níbẹ̀, apẹran sì lè wà lórí rẹ̀. Nítorí èyí, ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmpálà, nítorí pé ó pọ̀ lọ bí eṣú, ti kọ ẹ̀yìn sí ẹlẹ́rìí tó dára jù nínú igbó.

Ilẹ̀ pàápàá ní ohun tó ń sọ. Lápá ìlà-oòrùn Kruger, òkúta tó di ilẹ̀ náà bu ọ̀rá kún un, nítorí náà koríko ibẹ̀ dùn lẹ́nu ẹran. Níbi tí koríko bá ti dùn, sẹ́bírà àti ẹfọ̀n á pọ̀. Níbi tí wọ́n bá pọ̀ sí, kìnnìún kò ní jìnnà. Ìdí nìyí tí agbègbè àgọ́ Satara fi lórúkọ nídìí kìnnìún. Ní òkè odò Olifants lápá àríwá, igi mopane ló gba ilẹ̀ kan. Ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ erin fẹ́ràn ewé rẹ̀, àwọn tó sì ń wá ẹyẹ kò ní fi Pafuri ṣeré.

Bí a bá pàdé wọn lójú ọ̀nà

Bí ọ̀pọ̀ bá ń bẹ̀rù, kìnnìún ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀, erin ló yẹ kó ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ó lágbára láti dojú ọkọ̀ dé. Erin tó ń jẹun jẹ́jẹ́, tí etí rẹ̀ ń rọra lu ara, kò ní wàhálà. Bí ó bá kọjú sí ọkọ̀, tó na etí méjèèjì, tó gbé orí sókè tàbí tó ń mì í, ó ń sọ pé a ti súnmọ́ jù. Ẹ rọra padà sẹ́yìn láìfọn fèrè. Ẹ ṣọ́ra púpọ̀ fún akọ erin tí omi dúdú ń ṣàn láti àárín ojú àti etí rẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń kán sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ara irú èyí ń gbóná láti gun abo, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí ẹnikẹ́ni. Bí agbo erin pẹ̀lú ọmọ bá ń sọdá, ẹ dúró lókèèrè títí èyí tó gbẹ̀yìn yóò fi kọjá, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ yín bọ́ sí àárín ìyá àti ọmọ.

Bí ó bá jẹ́ kìnnìún ló jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ dákẹ́, ẹ má dí ọ̀nà tó ń gbà lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn yóò dé. Ẹ wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fún ẹlòmíràn láyè.

Alẹ́ nínú wáyà

Kí géètì tó tì, gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ ti wà nínú àgọ́. Àwọn àgọ́ bíi Skukuza, Letaba àti Olifants ní wáyà yí ká, inú rẹ̀ sì ni ilé roboto olórùlé koríko, ibi tí a ti ń dáná, ilé ìtajà àti ilé epo wà. Àwọn àlejò á dáná, wọ́n á yan ẹran. Nígbà yìí ni ìkookò lè máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn wáyà nítorí òórùn ẹran, tí erinmi yóò gòkè láti odò láti jẹ koríko, tí bíbú kìnnìún yóò sì máa dún láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí igbó lóru lè sanwó fún ọkọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wà jáde pẹ̀lú iná. Àwọn náà ló ń kó ènìyàn díẹ̀ fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn á sì wà pẹ̀lú wọn.

Àwọn àṣìlóye mìíràn

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa Àwọn Márùn-ún Ńlá: kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáǹréré. Ọ̀pọ̀ rò pé ìtóbi ara ni wọ́n fi kà wọ́n. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ló fún wọn lórúkọ náà, nítorí pé àwọn ló ṣòro jù tó sì léwu jù láti fi ẹsẹ̀ dọdẹ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹkùn fi wà nínú rẹ̀ tí àgùfọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé sàfárì òun bàjẹ́ nítorí pé òun kò rí márààrún ti gba òṣùwọ̀n ọdẹ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ọdẹ.

Àwọn kan tún ń sọ pé owó òyìnbó ni ọ̀rọ̀ sàfárì, pé kò kan aláwọ̀ dúdú. Láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, aláwọ̀ dúdú kò lè sùn ní àgọ́ tó wù ú ní Kruger, ìtìjú ńlá sì ni fún àwọn tó ṣe òfin yẹn. Ọjọ́ náà ti kọjá. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ ara rẹ̀, tó sùn nínú àgọ́ aláṣọ, tó sì dáná fúnra rẹ̀, kò ní ná ju ìdá kékeré nínú ohun tí ilé àlejò olówó ńlá ń gbà lọ.

Ohun tí àlejò lè ṣe

Ọ̀tá tó le jù fún Kruger báyìí ni àwọn tó ń yọ́ wọlé lóru láti pa àgbáǹréré nítorí ìwo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà sí ilẹ̀ Éṣíà gẹ́gẹ́ bí oògùn àti ohun àfiṣọlá. Ohun tó di èékánná wa náà ló di ìwo yẹn, kò sí ohun tó ń wò sàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fi ẹ̀mí ara wọn wéwu láti dá wọn dúró, wọ́n tilẹ̀ ń gé ìwo lára ọ̀pọ̀ àgbáǹréré kí ọdẹ má baà rí ìdí láti pa wọ́n. Bí ẹ bá rí àgbáǹréré, ẹ má kọ ibi tí ẹ ti rí i sórí Facebook tàbí WhatsApp, nítorí pé ẹni tó ń dọdẹ rẹ̀ náà ń kà á. Owó tí a san lẹ́nu géètì ń ṣèrànwọ́ láti san owó iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí, nítorí náà kò yẹ kó dùn wá.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá tíì ká Kruger lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Igbó orílẹ̀-èdè wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì wà ní Kainji. Ẹran kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti Kruger, ṣùgbọ́n Kruger náà ti wà nípò tí ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ rí. Ohun tó yí i padà ni òfin tí wọn kò jẹ́ kó sùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sanwó fún, àti àwọn àlejò tó ń wá lọ́dọọdún. Bí àwa náà bá ń lọ sí tiwa, tí a ń sanwó níbẹ̀, tí a sì ń bi ìjọba pé kí ló ń ṣe fún ìtọ́jú rẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà nìyẹn.